Iṣẹ́ Ọjọ́ Méjì Lọ́sẹ̀ fún Àgbà ní Ilé Ìwòsàn

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún 10 rèé tí a ti jọ ń dáṣọ lọ sí Ojúde Ọba. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Lónìí, ẹlòmíràn ti pé 60 ọdún, ẹlòmíràn ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba sì ti ní ká máa lọ sílé. Ilé náà la wà. Àwọn kan nínú wa ń ṣọ́ ọmọ-ọmọ, àwọn kan ń ṣọ́ fèrèsé.

Ẹ̀ka wẹ́fíà ní ilé ìwòsàn ni mo ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí n sọ ohun tí àgbà lè ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1895, ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù gba obìnrin kan, Mary Stewart, pé kó máa bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀, kó mọ ẹni tó lè sanwó àti ẹni tí kò lè san, kó sì wá ìrànlọ́wọ́ fún aláìní. Títí dòní, ibẹ̀ ni ìdí iṣẹ́ náà wà. Dókítà ń tọ́jú ẹsẹ̀ tó kán. Wẹ́fíà ló ń béèrè ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá, ẹni tó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nílé, àti ibi tí aláìsàn yóò gbà lọ bí wọ́n bá ní kó máa lọ.

Òṣìṣẹ́ kò tó. Bí wẹ́fíà kan bá ń sáré ìwé kiri nítorí aláìsàn tí kò lówó, ta ni yóò jókòó ti ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ 3? Mo rántí bàbá kan tí ọkọ̀ gbá, tí wọ́n gbé wá láìsí fóònù, láìsí ìwé. Kò rántí orúkọ ọmọ kankan, ṣùgbọ́n oríkì ilé wọn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn ọmọ inú ọ́fíìsì. Ìyá àgbà kan tó wá wo aláìsàn tirẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì ló gbọ́ ọ, ó ní, "Ará ìlú wa nìyí o, mo mọ agbolé tí wọ́n ti ń kì báyìí." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí bàbá ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà kò jẹ́. Àgbà tí a bá gbà kò ní ṣí fáìlì, kò ní júwe oògùn, kò sì ní gbowó lọ́wọ́ aláìsàn, ìbáà ṣe kọ́bọ̀. Ohun tó bá gbọ́ ní wọ́ọ̀dù, wẹ́fíà nìkan ni yóò sọ ọ́ fún. Kò gbọdọ̀ dé ọjà, kò gbọdọ̀ dé ìpàdé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ ẹnu wa. Kò sì gbọdọ̀ wàásù fún ẹni tó wà lórí ibùsùn, ìbáà ṣe ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí àánú ni, kí ló dé tí a ó fi gbowó?" Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ tí òde bá wà kò ní yọjú, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí. Owó ló ń jẹ́ kí a lè dá aago fún un, kí a sì dá a dúró bó bá tú àṣírí. Yàtọ̀ sí èyí, owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn kò tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí a bá ní kó fi owó ọkọ̀ ara rẹ̀ wá ṣàánú, olówó nìkan ni yóò ráyè wá. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà lábẹ́ òfin tó ń fi aláìníṣẹ́ tó ti pé 55 ọdún, tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti irú wọn, bí wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Iye tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án, wọn kì í pè é ní ọrẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá ṣe ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, wákàtí 4 lójúmọ́, ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ló ṣe: ₦14,000 lóṣù. Ẹni 4 yóò gba ₦672,000 lọ́dún, láìka owó ọkọ̀. Akápò wa jókòó síbí. Ó mọ iye tí a ná sórí aṣọ òní. Mi ò ní bi í ní gbangba.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ gbé owó ọdún kan kalẹ̀, kí a bá ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí ṣàdéhùn, kí àwọn wẹ́fíà ibẹ̀ fúnra wọn yan ẹni 4, kí wọ́n sì kọ́ wọn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó má bẹ̀rù, ìjókòó pọ̀ níbẹ̀ ju ìrìn lọ. Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà: ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ tí ẹ lè wá, àti ẹ̀ka èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde, torí lẹ́yìn ìyẹn, ìlù ló kàn.