Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lùwé fún Iṣẹ́ Abẹ Ajá Yín

Dókítà ẹranko fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá yín, ó wá gbé fọ́ọ̀mù síwájú yín. Kí ni ẹ ń fọwọ́ sí gan-an?

Ohun mẹ́rin ló yẹ kó ti là yé yín: iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ọ̀nà mìíràn tó bá wà, ewu ibẹ̀, àti iye owó.

Oògùn akunnilóorun ní ewu tirẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2008 fi hàn pé nínú 10,000 ajá tí wọ́n kùn lóorun, nǹkan bíi 17 ló kú. Ti ológbò tó 24. Ewu náà ga jù fún ẹran tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Bí ajá bá sì ti jẹun láàárọ̀, ẹ má fi pamọ́: ó lè bì, kí èébì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó ló ni ajá, ẹ pè é kí dókítà bá a sọ̀rọ̀. Ọmọdé tó fa ajá náà wá kò tó ẹni tí í buwọ́ lùwé. Ẹ sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe bí nǹkan bá yíwọ́ tí fóònù yín kò lọ.

Ìbuwọ́lùwé yín kò bo àìbìkítà dókítà mọ́lẹ̀. Òfin ọdún 1969 ló ní kí oníṣègùn ẹranko forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn ní Nàìjíríà. Kí abẹ tó kan ẹran yín, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí dókítà náà.