Ìlànà Oògùn: Ta Ní Ń Pa Á Mọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Bí òṣìṣẹ́ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò lo oògùn rẹ̀ pé, wọ́n á ní olóríkunkun ni, tàbí pé àìmọ̀wé ló ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ọdún 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ. Ti àwọn ilẹ̀ bíi tiwa tún kéré sí i.

Àwọn dókítà fúnra wọn ńkọ́? Ní ọdún 2022, Amy Finkelstein àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Sweden. Wọ́n yẹ ìlànà oògùn 63 wò. Àwọn ará ìlú ń tẹ̀lé ìlànà ní nǹkan bí ìgbà 54 nínú 100. Ti àwọn dókítà àti ẹbí wọn kò ju nǹkan bí 51 lọ! Lórí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn ni wọ́n ti yẹsẹ̀ jù. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àwọn olùwádìí náà rò pé ìmọ̀ tí dókítà ní ju ti ìlànà lọ ló fi ń pinnu fún ara rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Owó oògùn ló ń dá wa dúró, àti iṣẹ́ òru tí kò jẹ́ kí a mọ àkókò oúnjẹ. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú ènìyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Kí ni kí dírẹ́bà ṣe bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há a mọ́ Agége Motor Road? Kí ni kí ẹni tí kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ṣe?

Síbẹ̀, ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ara lè yá gágá lónìí, kí rọpárọsẹ̀ dé lọ́la. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sọ òtítọ́ fún un: “Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Oògùn yìí wọ́n jù fún mi.” Ó lè yí àkókò rẹ̀ padà, ó sì lè wá èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Òfin ọdún 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ọ̀gá iṣẹ́ wa: ṣé orúkọ wa wà níbẹ̀? Kí a béèrè fún àkókò láti lọ sí kílíníìkì láìgé owó oṣù, àti àyè láti lọ tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ara kò mọ dókítà yàtọ̀ sí lébìrà. Ìlera loògùn ọrọ̀, àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ̀yà.