Àlùfáà Lórí Àga Aṣòfin
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìjọ wa)



Ìbéèrè tí a fi lé wa lọ́wọ́ ti fa àríyànjiyàn nínú ìgbìmọ̀ ìjọ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ó ha yẹ kí ẹni tí a ti gbé ọwọ́ lé lórí fún iṣẹ́ àlùfáà máa du àga aṣòfin bí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1801 ti ilẹ̀kùn ilé aṣòfin tí àwọn ará ìlú ń dìbò sí mọ́ àwọn àlùfáà Ìjọ wa. Ọdún 2001 ni a tó ṣí i.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ mìíràn ni àpẹẹrẹ wa, èyíinì ni Adam Clayton Powell, tí ó gba ìtọ́jú Ìjọ Onítẹ̀bọmi Abyssinian ní Harlem, ìlú New York, lọ́wọ́ baba rẹ̀ ní ọdún 1937. Nígbà ìnira ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ìjọ náà ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ó sì ń pín aṣọ. Powell rí i pé ọbẹ̀ kò tán ìṣẹ́ níbi tí a kò ti fún ènìyàn ní iṣẹ́. Àwọn ènìyàn dúdú ń náwó ní àwọn ilé ìtajà òpópónà 125, a kò sì gbà wọ́n síbẹ̀ láti tajà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rajà níbi tí a kò ti lè gbà á síṣẹ́. Ní 1941, ó yí kan àwọn mọ́tò èrò. Harlem kọ̀ láti wọ̀ wọ́n, títí àwọn tí ó ni wọ́n fi gbà láti fi ènìyàn dúdú ṣe awakọ̀ àti atọ́kọ̀ṣe. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù nítorí ọ̀ràn yìí, ta ni yóò tún ṣàlàyé ìbò fún un?

Ọdún náà gan-an ni ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú New York. Ní 1944 a sì yàn án sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ni ó fà á kalẹ̀. Léraléra ni ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba má ṣe fi owó ran ibi tí a ti ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́ títí ó fi wọ inú òfin ọdún 1964.

A kò ní bo àbùkù rẹ̀. A máa ń wá a tì nínú ilé, a sì fi ẹ̀sùn ìlò owó ìjọba kàn án. Ní 1967 àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tì í síta. Harlem tún yàn án lọ́dún náà. Ní 1969 ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní wọn kò ní àṣẹ láti tì í. Ní 1970, ìbò kéréje ni wọ́n fi borí rẹ̀, ó sì kú ní 1972. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó lé eku méjì a pòfo. Powell pa méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́.

Bí ẹnì kan nínú àwọn àlùfáà wa bá dìde lọ́la, a kò ní kọ́kọ́ bi í léèrè ẹgbẹ́ tí ó wà. A óò bi í pé ta ni yóò máa bẹ àwọn aláìsàn wa wò ní ọjọ́ tí ó bá wà ní Àbújá.