EGBÒ ÌDÙBÚLẸ̀ ÀTI OHUN TÍ A FI Ń DÌ Í



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ìtọ́jú àwọn arúgbó ni òwe yìí ń tọ́ka sí, kò sì sí agboolé tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò lè kàn lọ́jọ́ kan. Bí kì í bá ṣe ti arúgbó, ó lè jẹ́ ti ọ̀dọ́ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí ti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá dùbúlẹ̀ sójú kan pẹ́, egbò a máa dá sí i ní ìbàdí, ní gìgísẹ̀, ní ìgbọ̀nwọ́ tàbí ní ìpàkọ́. Egbò ìdùbúlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe egbò kékeré rárá: ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó jiná, kòkòrò àrùn lè gba ojú rẹ̀ wọ inú egungun àti ẹ̀jẹ̀, ó sì lè yọrí sí ikú.

Bí egbò náà bá ti yọjú, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu àwọn ará ilé ni pé, "Kí ni kí á fi dì í?" Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ìbéèrè yìí, ohun tí wọ́n sì rí ni kókó ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ó kọ́ni bí a ti í ya ohun tí a gbàgbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ní ẹ̀rí rẹ̀.

Kí ni ó ń fa egbò náà? Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti èémí lọ fún gbogbo ẹran ara. Níbi tí egungun ti sún mọ́ awọ, bí ìbàdí àti gìgísẹ̀, ẹran tí ó wà láàárín egungun àti ibùsùn a há bí ata tí ó wà láàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ. Àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá a pa dé, ẹran ibẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ẹni tí ara rẹ̀ le a máa yí ara padà lójú oorun láìmọ̀. Aláìsàn tí a ń wí yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, inú lọ́hùn-ún, lẹ́bàá egungun, ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kí awọ òkè tó là. Ìdí nìyẹn tí egbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lánàá fi lè ti jìn dé egungun.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ pín in sí. Ní ìpele kìíní, awọ kò tíì bó, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, bí a bá sì fi ìka tẹ ojú ibẹ̀, àwọ̀ náà kì í ṣí. Ní ìpele kejì, awọ òkè ti bó. Ní ìpele kẹta, egbò ti wọ inú ọ̀rá abẹ́ awọ. Ní ìpele kẹrin, ẹran, iṣan tàbí egungun ti hàn síta. Ní ọdún 2016, ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà yí orúkọ tí wọ́n ń pè é padà, wọ́n fi "ìpalára" rọ́pò "egbò", nítorí pé ní ìpele kìíní, kò tíì sí ojú egbò kankan. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn fún àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá: bí a bá ń pè é ní egbò, ó rọrùn kí á máa dúró de ọjọ́ tí awọ yóò là kí á tó gbà pé ewu dé.

Ohun mìíràn tún kan adúláwọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ni ó ti sọ pé kí á máa wo ibi tí ó bá pọ́n. Ara aláwọ̀ funfun ni ìtọ́sọ́nà yẹn bá mu. Lára adúláwọ̀, pípọ́n náà lè má hàn rárá. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe ni pé kí á fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀, kí á mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù ju ara tí ó yí i ká lọ, bóyá ó le tàbí ó rọ̀ jù, bóyá ó ń dun aláìsàn, tàbí bóyá ó ti dúdú sí i. Ọwọ́ àti ojú ni a jọ fi ń wá a.

Láyé àtijọ́, àwọn oníṣègùn kan gbà pé kò sí bí a ti lè ṣe é. Jean-Martin Charcot, gbajúmọ̀ oníṣègùn ilẹ̀ Faransé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kọ́ni pé ìbàjẹ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ni ó ń fà á. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe sí i? Ogun àgbáyé kejì ni ó yí èrò náà padà. Ní ọdún 1944, Ludwig Guttmann, oníṣègùn tí ó jẹ́ Júù tí ó sì ti sá kúrò ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ lọ. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí aláìsàn kọ̀ọ̀kan padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru. Àwọn tí ayé ti gbà pé wọn kò ní pẹ́ kú bẹ̀rẹ̀ sí yè, wọ́n sì ń padà sílé.

Ọdún 1962 tún ṣe pàtàkì, nítorí pé ìwádìí méjì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà. Èkínní ni ti Doreen Norton, nọ́ọ̀sì kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lórí ìtọ́jú arúgbó ní ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé yíyí aláìsàn padà lóòrèkóòrè ń ṣe ohun tí ìpara kò lè ṣe. Wọ́n tún gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a fi ń mọ ẹni tí egbò lè tètè dá sí lára. Ohun márùn-ún ni ó ń wò: ìlera ara, làákàyè, rírìn, agbára àtiyíra padà, àti bóyá aláìsàn lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró. Máàkì 1 sí 4 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20. Ẹni tí ó bá gba 14 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu.

Èkejì ni ti George Winter, tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature. Ó dá egbò oréfèé sí ara àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì dàgbà. Ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ àwọn yòókù títí wọ́n fi di èépá. Awọ tuntun bo àwọn tí ó wà lábẹ́ ọ̀rá ní nǹkan bí ìlọ́po méjì kíákíá ju àwọn tí ó gbẹ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé níbi tí ó bá tutù díẹ̀, awọ tuntun a máa yọ́ rìn lórí egbò. Níbi tí ó bá gbẹ, ó di dandan kí ó máa wá ọ̀nà gba abẹ́ èépá kọjá. Èyí tako ìgbàgbọ́ tí ó wọ́pọ̀ nílé lóko pé afẹ́fẹ́ ni kí ó máa fẹ́ sí egbò kí ó lè gbẹ.

Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ṣe oríṣiríṣi ohun ìdi-egbò jáde yàtọ̀ sí gọ́ọ̀sì àti báńdéèjì: èyí tí a fi fóòmù ṣe, èyí tí a fi ewéko inú òkun ṣe tí ó ń fa omi egbò mu, èyí tí ó ń fi omi fún egbò tí ó gbẹ jù, àti àwọn tí a fi fàdákà sí. Wọ́n wọ́n ju gọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n egbò oréfèé lára ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le kì í ṣe egbò jíjìn ní ìbàdí arúgbó. Ó di dandan kí á dán wọn wò lára àwọn aláìsàn gan-an.

Báwo ni a ti í dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò? Àpẹẹrẹ kan ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá. Ní ọdún 1988, oníṣẹ́ abẹ kan ní Kàlàbá, Efem, tẹ àkíyèsí rẹ̀ nípa oyin jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aláìsàn 59 tí wọ́n ní oríṣiríṣi egbò ni ó fi ògidì oyin tọ́jú, púpọ̀ nínú wọn ni ìtọ́jú mìíràn kò sì ràn. Àwọn 58 ni egbò wọn yí padà sí rere. Ẹyọ kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, egbò Buruli ni ó padà jẹ́. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á yìn ni. Ṣùgbọ́n àkíyèsí ni ẹni tí ó ṣe é fúnra rẹ̀ pè é, nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ kejì tí a fi nǹkan mìíràn tọ́jú lákòókò kan náà. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí oyin bá rojọ́ tán, ó yẹ kí gọ́ọ̀sì náà rojọ́ tirẹ̀.

Bí àwọn olùwádìí ti í gbọ́ ẹjọ́ ìhà méjèèjì nìyí. Wọn a ṣẹ́ gègé láti mọ aláìsàn tí yóò gba ìtọ́jú èyí tàbí tọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má baà kó àwọn tí ara wọn le sí apá kan. Ẹni tí yóò wọn egbò kò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fi dì í, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Gbogbo ẹni tí ó wọlé ni wọn a kà, títí kan àwọn tí egbò wọn kò jiná. Nígbà tí wọ́n gbé oyin sórí irú òṣùwọ̀n yìí, tí àwọn onímọ̀ sì kó ìwádìí 26 jọ ní ọdún 2015, ó hàn pé oyin ṣe dáadáa fún àwọn iná jíjó kan àti fún ojú iṣẹ́ abẹ tí ó ti ní kòkòrò. Ní ti egbò ìdùbúlẹ̀, ẹ̀rí náà kò tó láti gbé ìdájọ́ kalẹ̀.

Àwọn ohun ìdi-egbò tí a ń rà lówó ńlá ńkọ́? Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ti ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 51 jọ, tí ó kan aláìsàn 2,947. Wọ́n fi oríṣiríṣi ohun ìdi-egbò àti ìpara wé ara wọn. Nínú àwọn 2,127 tí wọ́n lè fi ṣe ìfiwéra nípa jíjiná pátápátá, 783 ni egbò wọn jiná. Èwo ni ó wá borí? Ìdáhùn wọn ni pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò lágbára tó láti sọ. Púpọ̀ nínú ìwádìí náà kéré, wọn kò sì ṣe wọ́n bí ó ti yẹ. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí èyí tí ó dára; ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá ń polówó ọ̀kan bí ọba gbogbo wọn, ó ń sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Ìròyìn kan wà tí ó yàtọ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n kó aláìsàn 440 tí àìsàn wọn le gan-an jọ, wọ́n sì lẹ fóòmù rírọ̀ mọ́ ìbàdí àti gìgísẹ̀ àwọn kan kí egbò tó dé rárá. Gbogbo wọn ni ó sì ń gba ìtọ́jú tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n lẹ fóòmù fún, ènìyàn 5 ni egbò dá sí lára. Nínú àwọn yòókù, 20. Ẹ kíyè sí i pé fóòmù náà kò rọ́pò ìtọ́jú yòókù, ńṣe ni ó kún un lọ́wọ́. Kí egbò tó dé ni ó sì ṣiṣẹ́.

Níbo ni gbogbo èyí wá gbé àwọn ará ilé sí? Ẹbí kan lè ta ohun ìní kí wọ́n lè ra ohun ìdi-egbò olówó gọbọi, nígbà tí aláìsàn ṣì dùbúlẹ̀ lé egbò náà láti àárọ̀ di alẹ́. Owó náà gbé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ń tẹ ara náà ni ẹ̀tẹ̀: kí á máa yí aláìsàn padà bí nọ́ọ̀sì bá ti là á sílẹ̀, kí á fi ìrọ̀rí gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, kí aṣọ abẹ́ rẹ̀ má tutù, kí ó sì rí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ. Kí á má ṣe máa fi agbára fi spirit ra ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ọjọ́un, nítorí pé rírà náà lè pa ẹran abẹ́ rẹ̀ lára sí i. Bí ẹran kíkú bá wà nínú egbò, tàbí tí ó ń rùn, tàbí tí ara aláìsàn gbóná, dókítà ni kí á pè.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ohun ìdi-egbò tó kàn. Èyí tí ó bá mọ́, tí kò jẹ́ kí egbò gbẹ háúháú, tí kò sì jẹ́ kí omi rẹ̀ máa ṣàn sí ara tí ó kù, tí apá ẹbí sì ká láti máa pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, ó yẹ ní lílò. Bí ẹnìkan bá sì wá sọ pé tòun ni ó dára jù lọ, ẹ fi sùúrù bi í léèrè pé: "Kí ni ẹ fi wé?"