Lásísì: Ẹrú tó Bọ́ Lára Orúkọ Bàbá Àgbà

 

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá wo ilé wẹ̀yìn yóò bá orúkọ kan tí kò jọ ti Yorùbá, tí kò sì jọ ti Lárúbáwá: Lásísì. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn a máa tijú rẹ̀, wọn a sì pa á rẹ́ nínú ìwé wọn. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá.

Abdul-Azeez ni orúkọ náà, èyíinì ni ẹrú Ọba Alágbára. Yorùbá kò ní ìró "z", nítorí náà "s" ló gba ipò rẹ̀. Èdè náà kì í sì í fi irú ìró bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀, ni "ì" bá wọlé sí ìparí. Ìgékúrú tó mọ́ Yorùbá lára ló gé "Abdu" sọnù. "L" iwájú Lásísì ni ìyókù "al" Lárúbáwá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Abdul-Hameed di Lámídì. Abdur-Razzaq di Ràsákì láìní "l", nítorí pé "r" a máa gbé "l" náà mì nínú ìpè Lárúbáwá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àdìsọ́kàn. Bí Olúwafẹ́mi bá di Fẹ́mi, orúkọ Olúwa ló bọ́, ènìyàn ló kù. Bí Abdur-Razzaq bá di Ràsákì, ẹrú ló bọ́, orúkọ Ọba ló kù lórí ọmọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé Ar-Rahman àti Ar-Razzaq jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan. Ti Azeez fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Súrà Yusuf fi pe ìjòyè kan ní Íjíbítì. Síbẹ̀, Ànọ́bì sọ pé orúkọ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni Abdullah àti Abdur-Rahman: ẹrú hàn gbangba nínú méjèèjì.

Bukhari gba ìtàn Hazn wá. Ilẹ̀ líle ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ànọ́bì ní kí ó máa jẹ́ Sahl, èyí tó rọ̀. Ó kọ̀, ó ní òun kò ní pa orúkọ tí bàbá òun sọ òun dà. Ọmọọmọ rẹ̀, Sa'id ibn al-Musayyab, tó di àgbà onímọ̀ ní Mọ̀dínà, ló jẹ́rìí pé líle náà kò kúrò nínú ìdílé wọn.

Àtúnṣe orúkọ kì í ṣe kíkọ bàbá sílẹ̀. Súrà Ahzab, ẹsẹ 5, pàṣẹ kí wọ́n máa fi orúkọ bàbá pe ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń jẹ́ Lásísì kò ní láti sá fún ìran rẹ̀. Kí ó dá "Abdu" padà sí ipò rẹ̀ ni. Kí ó bi àwọn àgbà tó kù léèrè, kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ó sì búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì, kí ìwé ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ogún má bàa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá.

Kí Ọlọ́hun kà wá mọ́ àwọn ẹrú Rẹ̀ tòótọ́, lórúkọ àti níṣẹ́. Àmín.