Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ìpè: Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn?

  

Ọ̀rọ̀ ti òní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń sin ẹja ní ẹ̀yìnkùlé ní Agbowó, ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Bódìjà, ẹni tó ń ta ẹja dídì ní Challenge, iná ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan sì ti wọ ọjà báyìí tí síìmù fóònù wà nínú wọn. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè fi ìpè ránṣẹ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé kó ṣiṣẹ́, tàbí kó sinmi. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìpè ni èmi ń pè é. Bí ẹ bá lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Ring Road láti ra fìrísà, ẹ̀rọ omi, tàbí iná olóòrùn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan bá yín pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ojú mi rí.

Ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja kan wà ní ìgboro Ìbàdàn níbí tí mo máa ń bẹ̀ wò. Wọ́n ra fìrísà olóòrùn kan ní sísan díẹ̀díẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ẹni tó tà á fún wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó láti orí fóònù. Bí owó bá wọlé, ìpè á lọ bá fìrísà pé kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí ìpè kò bá dé, fìrísà á ti ara rẹ̀ pa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, akápò san owó oṣù náà, ó sì rí iṣẹ́ ìjẹ́rìí gbà lórí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ládùúgbò náà. Ìpè kò dé ọ̀dọ̀ fìrísà, alẹ́ ọjọ́ náà ló sì kú. Kí a tó rí ẹni gbé fóònù fún wa ní ọjọ́ Ajé, ẹja ti bàjẹ́.

A gbé ìwé àdéhùn jáde, a kà á. Ó pe fìrísà náà ní ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ lè máa darí. Bẹ́ẹ̀ nìkan ló pè é. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó máa ṣiṣẹ́ lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ẹni tí yóò san owó ẹja sí. Ẹgbẹ́ ló gbé àdánù náà. Èmi gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé yẹn. Iye owó àti iye oṣù ni mo bá wọn yẹ̀ wò. N kò wo orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà. Ó dùn mí títí di òní, òun ló sì jẹ́ kí n máa bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbọ́ ìpè?

Ohun tó fà á kò burú. Iná mànàmáná kò dà bí àgbàdo tí a lè kó sínú àká títí di ọ̀gbẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ náà la ń lò ó. Nígbà tí èyí tí à ń fà bá ju èyí tí wọ́n ń pèsè lọ, gbogbo okùn iná á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì lè dákú pátápátá. A rí i ní Nàìjíríà ní ọdún 2024, nígbà tí okùn iná orílẹ̀-èdè wa dákú lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ wo àdúgbò tiwa. Iná ti lọ láti àárọ̀. Nígbà tó di agogo méje alẹ́, àwọn ọmọdé pariwo, “Up NEPA!” Ní ìṣẹ́jú kan náà, fìrísà gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀, áyọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, a gbọ́ “gbòà!” nídìí tiransifọ́mà. Iná tún lọ. Nígbà mìíràn, iná ọ̀hún ìbá tó wa. Fífà tí gbogbo wa jọ fà á lẹ́ẹ̀kan náà ló dá a sílẹ̀.

Bí ẹ̀rọ omi àwọn kan bá lè dúró di agogo mọ́kànlá alẹ́, ẹrù tiransifọ́mà á fúyẹ́. Sísún àkókò tí a ń lo iná síwájú tàbí sẹ́yìn báyìí ni iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìpè máa ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde lórí ibùsùn.

Èwo ló lè dúró, èwo ni kò lè dúró?

Èyí ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa, nítorí ẹni tó ń fi ìpè ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì lè má mọ̀ ọ́n.

Fífa omi sínú táńkì lè dúró. Bí táńkì bá ti kún ní ìdájí, iṣẹ́ ti parí. Lílọ oúnjẹ adìẹ náà lè dúró, bí a bá ti lọ èyí tí a ó lò lọ́la sílẹ̀.

Fìrísà lè dúró díẹ̀. Fìrísà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì lè dì í mú fún bíi wákàtí 24. Fíríìjì lásán kò ju bíi wákàtí 4 lọ. Ẹ rántí pé ooru ilẹ̀ wa, àti ṣíṣí tí à ń ṣí i fún oníbàárà, máa ń dín wákàtí wọ̀nyí kù.

Ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin kò gbọdọ̀ dúró. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń pa, nǹkan bíi ìwọ̀n ooru 37.5 ló sì ń fẹ́ tọ̀sán-tòru. Fíríìjì tí a kó abẹ́rẹ́ àjẹsára adìẹ sí kò gbọdọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹja kò gbọdọ̀ dúró rárá níbi tí ẹja bá ti pọ̀ nínú táńkì. Ẹni tó bá pa irú ẹ̀rọ wọ̀nyí láti ọ̀nà jíjìn, ọrọ̀ ọlọ́rọ̀ ló pa.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ

Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bá òfin mu. Bí òfin bá ṣe pe ẹ̀rọ ni wọn yóò ṣe lò ó. Ní Bìrìtéènì, òfin agbára iná tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 sọ ohun tí irú ẹ̀rọ yìí jẹ́. Bí a bá sọ ọ́ ní èdè tiwa, ó ní ẹ̀rọ tó lè yí bí iná ṣe ń wọ inú rẹ̀ tàbí bó ṣe ń jáde nínú rẹ̀ padà, ìbáà jẹ́ lójú ẹsẹ̀ tàbí nígbà tó ń bọ̀, nítorí ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti darí ẹrù iná.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ìpè gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí ìwọ̀n iná tó ń lò padà. Ìpè náà ló gbọ́dọ̀ fa ìyípadà ọ̀hún. Nítorí náà, aago tí ẹ fi sí ẹ̀rọ omi kó máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá òru kò sí lára wọn, torí ẹnikẹ́ni kò pè é. Sitabiláísà tó ń gé iná nígbà tí iná bá wálẹ̀ kò sí lára wọn.

Fìrísà àwọn ẹlẹ́ja yẹn ńkọ́? Ó ń gbọ́ ìpè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìpè gbèsè ni tirẹ̀, kì í ṣe ìpè ẹrù iná. Ọ̀nà kan náà sì ni ìpè méjèèjì ń gbà wọlé. Bí ìwé kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó gba àṣẹ láti ran tiransifọ́mà lọ́wọ́ lè fi àṣẹ kan náà ti ilé ìtajà yín pa. Ìyàtọ̀ yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí. Kí òfin àti ìwé àdéhùn dárúkọ irú ìpè tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ wa, kí wọ́n sì sọ ibi tí agbára olúpè mọ.

Wọ́n ti ṣe é lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ ní iná ní Bìrìtéènì. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣe ìlànà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2022. Ìlànà náà ní kí ẹni tó ń lò ó lè kọ ìpè, kó sì lo iná rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Ó ní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kí ẹ̀rọ ṣì lè máa fún ọkọ̀ ní iná. Ó ní bí olówó ẹ̀rọ bá kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ iná kan lọ sí òmíràn, kí ẹ̀rọ má ṣe ya odi. Ó ní kí ó lè rí àkọsílẹ̀ iná tó lò fún oṣù 12 tó kọjá. Ó sì ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ falẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó ìṣẹ́jú 10, kí gbogbo wọn má baà jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ò rí i pé oògùn “gbòà!” ti ìdí tiransifọ́mà wa nìyẹn?

Ohun kan tún wà. Ẹni tó bá ní kí n dúró, kó san owó ìdúró. Ní ìgbà òtútù ọdún 2022 sí 2023, àwọn tó ń bójú tó okùn iná Bìrìtéènì sanwó fún ìdílé àti ilé-iṣẹ́ tó gbà láti dín iná kù ní wákàtí tí ẹrù pọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tó kópa.

Ní ilé wa ńkọ́?

Nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná Band A sí náírà 225 lórí yúnìtì kan ní ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2024, iye wákàtí tí iná ń wá ni wọ́n fi pín wa: wákàtí 20 fún Band A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Iye owó ti yí padà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n nínú ètò báńdì yìí, ẹni tó fa omi lóru àti ẹni tó fà á ní agogo méje alẹ́, iye kan náà ni wọ́n ń san lórí yúnìtì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹgbẹ́ yín jẹ́ kí òun máa darí ẹ̀rọ yín, ẹ bi í pé kí ni èrè yín.

Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 ti la ọ̀nà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa bójú tó ọjà iná tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá pe aráàlú láti wá sọ èrò wọn, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù má ṣe jókòó sílé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ tí kò bá oko wa mu ni wọn yóò sọ ọ́.

Kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ta ló lè fi ìpè ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yìí?
2. Nítorí kí ni? Ṣé nítorí ẹrù iná ni, tàbí nítorí gbèsè? Kí wọ́n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
3. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ṣé ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ?
4. Ṣé bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ tí àwa fúnra wa lè fi kọ ìpè?
5. Bí ìpè bá ba ọjà wa jẹ́, ta ni yóò san án?

Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ ṣì di owó yín mú. Bó bá dáhùn lẹ́nu, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí kò tíì ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹ̀yin tí ẹ jọ wà lórí tiransifọ́mà kan, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Bí iná bá dé, kí ọ̀wọ́ kìn-ín-ní tan fìrísà lójú ẹsẹ̀, kí èkejì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ̀kẹta dúró fún ogún. Kí gbogbo yín sì fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ di òru. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ẹgbẹ́: Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ wa ní, èwo ló lè dúró fún wákàtí kan, èwo ni kò lè dúró? Nínú ìwé àdéhùn tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa, kí ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà?

 Kí ẹja wa má bàjẹ́, kí ẹyin wa má dídà.