Nígbà Tí Èlé Bá Ń Wálẹ̀, Níbo Ni Kí Owó Wa Wà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Ṣàngó, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ owó la wá sọ, ẹ jẹ́ kí n tètè bọ́ sí i.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu èlé ní Báǹkì Àpapọ̀, CBN, sọ òṣùwọ̀n èlé kalẹ̀ láti 27.5% sí 27%. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 2020. Láàárín ìgbà méjèèjì, òkè ló ń lọ: 11.5% ló wà títí di oṣù karùn-ún 2022, nígbà tí 2024 sì fi máa parí, ó ti di 27.5%. Èyí tí wọ́n yọ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra ìwé ìjọba kò dúró de CBN. Treasury bills ọlọ́jọ́ 364 tó ń mú èrè tó lé ní 22% wá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ti bọ́ sí abẹ́ 17% kí oṣù kẹsàn-án yẹn tó parí. Ẹni tó ti fi èrè àkọ́kọ́ yẹn ṣètò owó iléèwé ọmọ máa rí i pé kò ní tó mọ́.

Ìdí tí CBN sọ pé òun fi sọ èlé kalẹ̀ ni pé ọ̀wọ́n ọjà ń dínkù. Iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba, NBS, ka 34.80% fún oṣù kejìlá 2024, ó ka 24.48% fún oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì ka 18.02% fún oṣù kẹsàn-án 2025. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjà ṣàdédé rọ̀ lóru ọjọ́ kan o: ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò náà ni wọ́n pààrọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Kì í sì í ṣe pé ọjà padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń gorí, eré tó fi ń gorí ló dínkù.

Ní tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán kọ́ ni èlé tó wálẹ̀ yìí pa lára jù, nítorí ìyà ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Àṣẹ CBN ni pé kí báǹkì san, ó kéré tán, 30% òṣùwọ̀n yẹn fún un. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ 27.5%, 8.25% nìyẹn, bó bá jẹ́ 27%, 8.1% ni. Lórí ₦500,000, ₦41,250 lọ́dún di ₦40,500. ₦750 péré ló lọ níbẹ̀. Ibi tí owó ti ń lọ gan-an ni àlàfo tó wà láàárín 8% tí báǹkì ń san àti 18% tí ọjà fi ń gorí ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, CBN gé 30% yẹn sí 10%, ẹni tó ní ₦500,000 wá ń gba ₦5,750 lọ́dún. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ 15.75%: ẹrù ₦500,000 ti di ₦578,750.

Ọdún 2020 yẹn yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2019, CBN ní kí àwọn èèyàn lásán àti iléeṣẹ́ tí kì í ṣe báǹkì má ra ìwé OMO tí òun ń tà mọ́. Owó tó ń lọ síbẹ̀ ya bo treasury bills, èrè rẹ̀ sì já. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá 2020, èrè ọdún kan gbáko ti di 0.15%. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan náírà sí i gba nǹkan bí ₦1,500. Àwọn tó ti gba owó ìfẹ̀yìntì, tí wọ́n sì ń fi èrè ìwé yìí jẹun, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn. Àwọn kan kó owó fún àwọn tó ń polówó oko àgbàdo àti ọ̀sìn adìyẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìlérí èrè ńlá, púpọ̀ nínú wọn kò sì rí owó náà gbà padà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àsìkò tí èlé bá ń wálẹ̀ ni ojú gbọ́dọ̀ là jù. Ètò sogúndogójì MMM ṣèlérí 30% lóṣù kan, ó ti àkáǹtì pa ní oṣù kejìlá 2016. CBEX, irú rẹ̀ mìíràn, ṣèlérí 100% láàárín oṣù kan, ó dé oṣù kẹrin 2025, kò sẹ́ni tó lè gba owó jáde mọ́, làwọn èèyàn bá ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n kó àga, wọ́n kó ẹ̀rọ. Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2025 yẹn ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lélẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tó kan Ìlọrin jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fẹ́ fọwọ́ kan èlé rárá nítorí ẹ̀sìn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ ta sukuk, ìwé ìjọba tí kò ní èlé, ní Nàìjíríà, ₦10 bílíọ̀nù lọ́dún 2013, wọ́n fi kọ́ iléèwé. Ìjọba àpapọ̀ ta tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2017, ₦100 bílíọ̀nù fún ọ̀nà 25, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń gbà lọ sí Ìbàdàn sì wà lára wọn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé àwọn tó ra sukuk ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà fún iye ọdún tí wọ́n dá. Ìjọba ń háyà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó ń san owó háyà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì ń dá owó wọn padà nígbà tí ọdún bá pé. ₦10,000 lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe èlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí èlé bá ṣe ń lọ lọjà ni owó háyà náà ń lọ. 16.47% ni ti 2017, ti 2020 jẹ́ 11.20%, ti oṣù karùn-ún 2025 sì jẹ́ 19.75%. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tó fi ₦100,000 ra ti 2020 ń gba ₦11,200 lọ́dún títí di 2027. Ó jókòó tì í nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà kọjá 30%. Ẹni tó fi iye kan náà ra ti 2025 máa gba ₦19,750 lọ́dún títí di 2032, kódà bí CBN bá sọ èlé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá sì fẹ́ tà á kó tó pé, bí èlé ṣe ń já ni àwọn tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣe máa fowó lé e. Ìwé ọjọ́ pípẹ́ tó dára ní 2025 kò dára ní 2020. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ohun kan dára nígbà gbogbo, ọjà ló ń tà.

Kò sì yẹ kí a rò pé ìwé ìjọba kò lè ní wàhálà. Ní Ghana, lẹ́yìn tí ìjọba ní kí àwọn tó ní ìwé rẹ̀ wá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí èrè rẹ̀ kéré, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì lọ dúró sí iwájú iléeṣẹ́ ìṣúná l'Ákírà ní oṣù kejì 2023. Sophia Akuffo, adájọ́ àgbà tẹ́lẹ̀, wà láàárín wọn. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo owó yín síbì kan.

Àjọ ńkọ́? Ìyá tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún alájọ máa gba ₦30,000 lóṣù ọlọ́jọ́ 31, alájọ á mú ti ọjọ́ kan. Ní ìṣirò báǹkì, ó ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń bú u nítorí èyí. Mi ò bá wọn bú u. Ó mọ̀ pé bí owó náà bá wà lọ́wọ́ òun, kò ní dé òpin oṣù, òpin oṣù ló sì fẹ́ fi ra ọjà. Ṣùgbọ́n owó tí yóò jókòó fún ọdún kan kò sí lára ohun tí a ń gbé fún alájọ. Àwọn tó ń kó ọkà pamọ́ pẹ̀lú ti rí tiwọn: àgbàdo tí wọ́n rà lọ́wọ̀ọ́n ní 2024, wọ́n ta òmíràn nínú rẹ̀ ní 2025 ní iye tí kò tó èyí tí wọ́n rà á.

Ọjọ́ tí ẹ máa nílò owó ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè èrè. Owó iléèwé oṣù kẹsàn-án, ẹ má fi ra ìwé ọdún méje. Èyí tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn títí ọmọ yóò fi jáde Poly, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán. Ẹ rántí pé ₦5 mílíọ̀nù ni NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, máa san tètè bí báǹkì ńlá bá kú, ti báǹkì kékeré aládùúgbò sì jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Ẹni tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pín in. Kí ẹ sì tó kó owó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa fi ṣòwò fún yín, ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì SEC, àjọ tó ń mójú tó ìdókòwò. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó, ẹ fún ọmọ yín ní fóònù kó bá yín wò ó.